Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ìwé Ìtàn Ọgbà, Ewéko àti Ìṣàwárí Láìjẹ́ Kí Adùn Ìtàn Tàn Yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn àwọn tó wọ igbó káàkiri ayé torí ewé kan ṣoṣo, àwọn tó kó kòkòrò sínú ìgò, àwọn tó gbin ọgbà tí ọba fi ń yangàn, ẹ súnmọ́ bí. Irú ìwé yìí dùn gan-an ni, mi ò ní purọ́. Àmọ́ adùn ẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ̀, torí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé tí ìtàn ò bá dùn kò sẹ́ni tó máa rà á, ló bá mú ọkùnrin kan tó gbọ́n, ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ó jẹ́ kí ìjì jà, ó jẹ́ kó rí òdòdó tẹ́nì kankan ò rí rí, àwa náà á sì ti máa pàtẹ́wọ́ ká tó rántí béèrè pé ta ló mú un débi tí òdòdó yẹn wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání: báwo ni òǹkọ̀wé yìí ṣe mọ̀? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè yẹn ló dúró lé.

1. Ẹ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Àwọn kan jẹ́ ìtàn ayé ẹnì kan, bíi Linnaeus tó fún ewéko lórúkọ, Humboldt tó rin ìrìnàjò ìmọ̀ kiri Gúúsù Amẹ́ríkà, tàbí Darwin tó kọ̀wé nípa bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà. Àwọn kan jẹ́ ìtàn ìrìnàjò, irú ọkọ̀ Endeavour tó gbé àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Joseph Banks àti Daniel Solander, kiri ayé pẹ̀lú Cook tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà láti 1768 sí 1771. Àwọn míì mú ewé kan, tíì tàbí rọ́bà tàbí fànílà, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ ẹ̀ láti ibi tó ti wá dé ibi tó dé. Ìtàn ọgbà náà wà, bíi ti Padua ní Ítálì (1545), Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù (1673), Kew tóun náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù (1759).

Oníkálukú ló ní àléébù tiẹ̀. Nínú ìtàn ayé ẹnì kan, gbogbo èèyàn tó kù máa ń di ọmọ iṣẹ́. Ìwé ewé kan ṣoṣo máa ń fẹ́ jẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé ewé ọ̀hún nìkan ló yí ayé padà (àsọdùn pọ̀ níbẹ̀ jàre). Ìwé ọgbà ní tiẹ̀, ẹ máa rí ọba, ẹ máa rí ọ̀gá ọgbà, ẹ ò ní rí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìwé ewé tàbí ìwé ọgbà ni kẹ́ ẹ mú ṣáájú, torí èèyàn tó ń wọlé jáde nínú ẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń ṣòro fún òǹkọ̀wé láti kó gbogbo ògo náà fún ẹnì kan.

2. Ẹ gba ẹ̀yìn ìwé wọlé

Kẹ́ ẹ tó ka orí kìíní, ẹ ṣí ẹ̀yìn. Ẹ wò ó bóyá nóòtì wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ pé gbólóhùn tó wà lójú ìwé báyìí, inú lẹ́tà báyìí ni mo ti rí i. Tí nóòtì bá wà, ẹ mú márùn-ún nínú ẹ̀, ibi tó bá ṣáà wù yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá lẹ́tà, ìwé ìrìnàjò, ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ọgbà ló ń tọ́ka sí, àbí àwọn ìwé ìtàn míì bíi tiẹ̀ nìkan. Ìwé tó jẹ́ pé ìwé ìtàn ẹgbẹ́ ẹ̀ nìkan ló ń tọ́ka sí, ẹ ṣì lè kà á fún ìgbádùn, àmọ́ ẹ má fi jẹ́rìí níbì kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo atọ́ka orúkọ. Ẹ wá “ẹrú” níbẹ̀, ẹ wá “ìyàwó”, ẹ wá “ọmọ iṣẹ́ ọgbà”, ẹ wá orúkọ àwọn onílé ibi tí wọ́n lọ. Ìwé ìtàn ìrìnàjò Endeavour tí kò ní Tupaia nínú atọ́ka, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Tupaia ni àlùfáà àti atukọ̀ ará Raiatea, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, tó wọ ọkọ̀ yẹn ní Tahiti tó wà nítòsí ibẹ̀ lọ́dún 1769, tó bá wọn ya máàpù àwọn erékùṣù, òun náà ló sì ń bá wọn ṣe ògbufọ̀ nígbà tí wọ́n dé Niu Sílàńdì. Ẹni tó bá fò ó dá, kí ló kù tó lè sọ fún yín tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́?

3. Ẹ ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín

Ohun mẹ́ta lẹ máa kọ síbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kà: orúkọ, ọjọ́, ibi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ewé ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Kó tó di 1753, orúkọ Látìn ewé kan lè gùn bíi gbólóhùn odidi, torí ṣe ni wọ́n máa ń ṣàpèjúwe ewé náà sínú orúkọ, bó ṣe rí létí, bóyá ó nírun, bí òdòdó ẹ̀ ṣe tò. Ọdún yẹn ni Linnaeus gbé ìwé Species Plantarum jáde, ó fún ewé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹlẹ́yọ ọ̀rọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń pè wọ́n dòní. Tẹ́ ẹ bá rí “L.” lẹ́yìn orúkọ ewé kan, òun ló ń tọ́ka sí. Àmọ́ orúkọ ò dúró sójú kan, àwọn onímọ̀ máa ń gbé ewé kúrò nínú ìdílé kan sí òmíì, torí náà orúkọ tẹ́ ẹ rí nínú lẹ́tà ọdún 1780 lè ti yàtọ̀ báyìí. Kew ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Plants of the World Online, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ àtijọ́ síbẹ̀, á sọ èyí tí wọ́n ń lò nísìnyí àti ibi tí ewé náà ti ṣẹ̀ wá.

Ọjọ́ náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ìlú ọba pààrọ̀ kàlẹ́ńdà lọ́dún 1752, wọ́n sùn ní September 2, wọ́n jí ní September 14, Sweden sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan tó kúrò ní Amsterdam ṣáájú àkókò yẹn fi lè dà bíi pé ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó kọ ọ́, torí kàlẹ́ńdà Lọ́ńdọ̀nù ló ń rìn lẹ́yìn. Ẹ má bá òǹkọ̀wé jà, kàlẹ́ńdà ni.

4. Ibi tó bá dùn jù ni kẹ́ ẹ ti dúró

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí náà màá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ìtàn ti dùn dórí egungun, ẹ dáwọ́ ìwé dúró, kẹ́ ẹ bi í léèrè pé báwo lo ṣe mọ̀. Ẹ mú ti Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣàlàyé òòfà ilẹ̀, àti ápù. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Newton fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, William Stukeley ni. Ní April 1726, wọ́n jẹun ọ̀sán tán, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ápù nínú ọgbà, wọ́n ń mu tíì, bàbá náà wá sọ fún un pé irú ibi báyìí lòun wà nígbà tóun rí ápù tó já bọ́, tóun fi ń rò ó pé kí ló dé tó jẹ́ pé ilẹ̀ tààrà ló máa ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀: nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ló wà láàárín ìgbà tí ápù já àti ìgbà tó ń ròyìn ẹ̀, arúgbó ló sì ń ròyìn ìgbà èwe ẹ̀. Kò sì síbì kankan nínú ohun tí Stukeley kọ tí ápù ti balẹ̀ sórí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ síwèé pé ápù já lé Newton lórí, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá rìn.

Ti Darwin tún burú ju ìyẹn lọ. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ó dé erékùṣù Galápagos lọ́dún 1835, ó rí àwọn ẹyẹ kékeré tí àgógó wọn yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn pé ẹ̀dá alààyè máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, bá yé e lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Nígbà tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ kọ erékùṣù tó ti mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ yẹn sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ mockingbird ló kọ́kọ́ gba àfiyèsí ẹ̀. Ìgbà tó délé ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1837, ni John Gould tó mọ̀ nípa ẹyẹ dunjú wò wọ́n, tó sọ pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, ni Darwin bá ń sáré kiri lọ wo àwọn ẹyẹ táwọn míì nínú ọkọ̀ kó, bíi ti kápútẹ́ẹ̀nì FitzRoy, torí àwọn yẹn kọ ibi tí wọ́n ti mú tiwọn síbẹ̀ dáadáa ju tiẹ̀ lọ. Bó ṣe rí gan-an yìí ò dùn tó ti ojú ẹsẹ̀ yẹn, àmọ́ lójú tèmi ó dáa jù ú lọ, torí ó fi hàn yín pé ìṣàwárí lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, lórí tábìlì, láàárín èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tó ń yẹ òkú ẹyẹ wò.

Ẹ mú pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ máa fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ bíi “ó máa ti”, “bóyá”, “kò sí iyè méjì pé”, “ẹ fojú inú wò ó”. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, òǹkọ̀wé olóòótọ́ máa ń lò wọ́n láti sọ pé èrò tòun nìyí. Àmọ́ tí “ó máa ti” bá pọ̀ lójú ìwé kan tí kò sì sí nóòtì kankan níbẹ̀, àròsọ lẹ ń kà. Èyí tó léwu jù ni pé kí “bóyá” wà ní orí kẹta, kó di “gẹ́gẹ́ bí a ti rí i” ní orí keje. Ẹ máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti paradà bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ béèrè ẹni tó gbẹ́rù

Darwin kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó awọ ẹyẹ, kí wọ́n sì kì í kó má bàa jẹrà, nígbà tó wà níléèwé ní Edinburgh. Ẹni tó kọ́ ọ ni John Edmonstone, ọkùnrin dúdú kan tó ti jẹ́ ẹrú rí ní Demerara ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló gbé Darwin ró nígbà tó dénú ọkọ̀ Beagle, èyí tó gbé e dé Galápagos. Nígbà tí Darwin dàgbà tó kọ ìtàn ayé ara ẹ̀, ó rántí ọkùnrin náà, ó yìn ín pàápàá, àmọ́ kò dárúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ka ìwé nípa Darwin, ẹ wò ó bóyá òǹkọ̀wé wá orúkọ náà rí, àbí ó fi sílẹ̀ bí Darwin ṣe fi í sílẹ̀.

Fànílà ńkọ́? Ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá, níbi tí kòkòrò ibẹ̀ ti ń bá a gbé àtọ̀ òdòdó kiri. Wọ́n gbìn ín ní erékùṣù Réunion nínú òkun Íńdíà, ó yọ òdòdó, kò so. Lọ́dún 1841, Edmond, ọmọ ọdún méjìlá tó jẹ́ ẹrú, ló rí ọ̀nà ẹ̀. Nínú òdòdó yẹn, awọ fẹ́lẹ́ kan ló là láàárín akọ àti abo. Ó fi igi tín-ín-rín gbé awọ yẹn sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é lóko fànílà títí dòní. Ọkùnrin oyìnbó kan tó jẹ́ onímọ̀ ewéko wá jáde lẹ́yìn náà, ó lóun lòun kọ́ ọmọ náà. Wọ́n dá Edmond sílẹ̀ lọ́dún 1848, wọ́n fún un ní orúkọ Albius, inú òṣì ló kú sí lọ́dún 1880. Ìwé fànílà tó bá fi ìlà méjì péré sọ̀rọ̀ ọmọ yìí, tó wá fi ojú ìwé mẹ́wàá sọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò, ẹ ti rí ibi tó kọjú sí.

Maria Sibylla Merian dáa fún àfiwé. Ọmọ ọdún 52 lobìnrin yìí nígbà tó wọkọ̀ láti Amsterdam lọ sí Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 1699, òun àti ọmọbìnrin ẹ̀, láti lọ ya àwòrán labalábá, ìdin ẹ̀ àti ewé tó ń jẹ. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1705, ó sọ nípa òdòdó peacock flower pé àwọn obìnrin ẹrú máa ń fi hóró ẹ̀ ṣẹ́yún kí ọmọ wọn má bàa wáyé sínú oko ẹrú, ó sì kọ ọ́ pé àwọn fúnra wọn ló sọ fóun. Kò dárúkọ wọn lóòótọ́. Síbẹ̀ a mọ ẹni tí ìmọ̀ náà ti wá, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìgbà yẹn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má lọ sọ gbogbo ẹni tí wọ́n gbàgbé di áńgẹ́lì. Suriname yẹn náà ni Kwasi ti gbé, ẹrú tó mọ egbòogi tó ń wo ibà, tí Linnaeus fi orúkọ ẹ̀ sọ ewé Quassia amara. Ìtàn tó wúni lórí nìyẹn, àbí? Kwasi kan náà ló ń bá àwọn olóko dọdẹ àwọn ẹrú tó sá wọ igbó. Àwọn Saramaka, àtọmọdọ́mọ àwọn tó sá yẹn, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ìtàn tiwọn. Òǹkọ̀wé tó bá sọ ìhà kan tó fi ìkejì pamọ́ ti fi nǹkan jẹ yín.

6. Ta ló sanwó?

Kúkúrú ni màá sọ eléyìí. Ọgbà ò gbin ara ẹ̀. Hans Sloane, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù tí àkójọ ẹ̀ di ìpìlẹ̀ British Museum lọ́dún 1753, oko ìrèké tí ẹrú ń ro ní Jamaica, tó jẹ́ ti ìdílé ọkọ àkọ́fẹ́ ìyàwó ẹ̀, wà lára ibi tówó ẹ̀ ti ń wọlé. Òun náà ló fi ilẹ̀ ọgbà Chelsea sílẹ̀ fáwọn apoògùn lọ́dún 1722, pọ́ùn márùn-ún lọ́dún, kí wọ́n sì máa fi àádọ́ta ewé gbígbẹ ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ́dọọdún títí á fi pé 2,000.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ tó ń gbé ewé. Kó tó di ọdún 1830 sí 1840, ọ̀pọ̀ ewé tí wọ́n bá kó sínú ọkọ̀ ló ń kú lójú omi, iyọ̀ òkun á fọ́n sí i, omi mímu ò sì tó èèyàn ká má tíì sọ ti ewé. Nathaniel Ward, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi kòkòrò kan sínú ìgò pẹ̀lú ilẹ̀ tútù lọ́dún 1829, ó dé e, ló bá rí i pé ewé ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan bomi rin ín, torí omi tó bá lọ sókè nínú ìgò á gbá jọ sára gíláàsì, á tún ṣàn padà sílẹ̀. Ó kan àpótí onígíláàsì, ó fi méjì ránṣẹ́ sí Sydney lọ́dún 1833, ewé inú ẹ̀ dé láàyè. Àpótí yẹn ni wọ́n fi gbé tíì kúrò ní Ṣáínà lọ sí Íńdíà, inú irú ẹ̀ náà ni ọmọ igi rọ́bà tó hù ní Kew wọ̀ lọ sí Ceylon (Sri Lanka òde òní) lọ́dún 1876, lẹ́yìn tí Henry Wickham, òyìnbó kan, kó hóró bí 70,000 dé láti Brazil. Nǹkan bí 2,700 péré ló hù. Ọ̀pọ̀ ìwé á sọ pé Wickham fi jìbìtì kó o jáde, tẹ́ ẹ bá sì bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe mọ̀, ẹ máa rí i pé ẹnu Wickham fúnra ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìtàn yẹn ti jáde, ọkùnrin tó sì fẹ́ràn láti sọ ara ẹ̀ di akọni ni. Kò sí òfin tó ka hóró rọ́bà léèwọ̀ nígbà yẹn.

7. Ẹ lọ wo ojúlówó

Ẹ ò nílò owó. Biodiversity Heritage Library wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àtijọ́ nípa ewéko àti ẹranko ló kún inú ẹ̀. Lẹ́tà Darwin náà wà lórí ayélujára. Ẹ mú gbólóhùn kan tó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ nínú ìwé yín, ẹ lọ wá a, kẹ́ ẹ ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ máa rí i nígbà míì pé wọ́n gé e níbi tó bá wọn lára mu.

Ẹ wo ewé gbígbẹ náà, ọ̀pọ̀ ibi tó ń tọ́jú ẹ̀ ti ya fọ́tò wọn síta. Bébà ńlá kan ni, ewé tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ wà lórí ẹ̀, ó ti di àwọ̀ tábà, gbòǹgbò ẹ̀ nígbà míì ṣì ní iyẹ̀pẹ̀ lára. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún lẹ ti sábà máa rí orúkọ ẹni tó já a, ibi tó ti já a àti ọjọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bébà kéékèèké tí àwọn onímọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, oníkálukú ń kọ orúkọ tó rò pé ó tọ́. Àríyànjiyàn ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo ẹ̀ wà lójú bébà kan.

8. Gbé ìwé lọ sọ́gbà

Ọgbà ewéko yòówù tó bá sún mọ́ yín, ẹ mú orúkọ ewé mẹ́ta látinú ìwé yín lọ. Bougainvillea kì í ṣòroó rí. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: ohun aláwọ̀ tẹ́ ẹ ń pè ní òdòdó yẹn, ewé ni, òdòdó gan-an ni ohun funfun kékeré tó wà láàárín. Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko tó kó o ní Rio ní Brazil lọ́dún 1767, bá ọkọ̀ Bougainville, ọ̀gá ìrìnàjò ará Faransé, rìn, Jeanne Baret sì wà pẹ̀lú ẹ̀, obìnrin tó múra bí ọkùnrin, tó wá di obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí ayé po. Àwọn kan ní Baret ló já ewé yẹn torí ẹsẹ̀ ń dun Commerson nígbà náà. Ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ “ó máa ti” ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kékeré yín. Kódà lórí bí àṣírí ẹ̀ ṣe tú, ìwé ìrìnàjò àwọn tó jọ wà nínú ìrìnàjò yẹn ò bára mu.

9. Bí ẹ ṣe máa mú ìwé kejì

Ẹ má mú èyí tó jọ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ka ti Darwin, ẹ ka ti Wallace, ẹni tóun náà ronú kan èrò kan náà bíi ti Darwin, tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti erékùṣù Ternate (Indonesia òde òní) lọ́dún 1858, tó jẹ́ kí wọ́n sáré ka iṣẹ́ àwọn méjèèjì pa pọ̀ ní Linnean Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní July 1 ọdún yẹn. Ẹ wo bí ìtàn kan náà ṣe rí láti ìhà kejì, kẹ́ ẹ sì wá Ali níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Sarawak ní erékùṣù Borneo tó bá Wallace kó ẹyẹ jọ káàkiri àwọn erékùṣù yẹn. Tẹ́ ò bá mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú rárá, ẹ padà sínú nóòtì ẹ̀yìn ìwé àkọ́kọ́, ẹ wá ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ pé “lágbájá ò gbà bẹ́ẹ̀” tàbí “mi ò fara mọ́ lágbájá níbí yìí”. Ìwé lágbájá yẹn ni kẹ́ ẹ lọ wá.